Ẹ Bi Wá: Àlejò Ọdún Ń Bọ̀

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń yọjú ni lẹ́tà yín ti ń ya wọlé, ọ̀rọ̀ àlejò ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń béèrè nípa Iléyá àti Ọjọ́ Ẹtì Rere tó ṣáájú Àjíǹde. A kò ní fi wọ́n dúró de àsìkò wọn. Ẹ ó rí i pé ìṣirò pọ̀ nínú èsì wa. Àìlówó kọ́ ló sábà máa ń dójú ti onílé lọ́jọ́ ọdún. Ìkòkò tó kéré ni, omi tó pọ̀ jù, àti oúnjẹ tó ti jinná wákàtí mẹ́ta kí ẹnì kan tó kan ilẹ̀kùn.

Láti Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Kérésìmesì, nǹkan bí 60 ènìyàn ló máa ń péjọ sí agboolé wa. Lọ́dún tó kọjá, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wa jóná nísàlẹ̀, síbẹ̀ tòkè ṣì le koko. Orí ààrò onígi la ti sè é. Níbo la ti ṣì í ṣe?

Ẹ kú ìnáwó. Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrẹsì nìkan lẹ fẹ́ fi ṣe àwọn ènìyàn lálejò, kílò kan á tó ènìyàn méje sí mẹ́jọ. Bí mọ́ínmọ́ín, iyán tàbí dòdò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tó mẹ́wàá. Fún 60 ènìyàn, ẹ se kílò 8, torí àwọn ọmọdé á padà wá bu ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kóńgò o. Kóńgò ọjà kan kì í bá ti ọjà kejì dọ́gba, àwọn kan sì wà tí wọ́n ti lu ìdí tiwọn wọnú. Ẹ gbé ìrẹsì yín lé òṣùwọ̀n.

Kílò ìrẹsì kan á gba tàtàṣé ńlá mẹ́ta, tòmátì mẹ́rin, àlùbọ́sà méjì, ata rodo méjì sí mẹ́rin, tòmátì alágolo 150 gíráàmù àti òróró bíi 200 mílílítà. Tó bá di kílò 8, ata àti àlùbọ́sà lè di ìlọ́po mẹ́jọ láìséwu. Òróró àti omi kọ́. Òróró lítà kan àti díẹ̀ ti tó. Omi inú ìkòkò ńlá náà kì í tètè gbẹ bíi ti kékeré, nítorí náà ojú ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n: bí ẹ bá ti da ìrẹsì sínú ata, kí omi fi ìdajì oríkèé ìka kan ga jù ú lọ, kó má jù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá lọ ata tán, ẹ sè é láìfi òróró sí i títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Ata tó ṣì lómi kì í dín, sísè ló máa ń sè, kíkan tòmátì á sì bá ìrẹsì dé inú abọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé òróró kaná, ẹ da àlùbọ́sà tí ẹ ti rẹ́ sí i, ẹ da tòmátì alágolo lé e, kẹ́ ẹ dín in fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ títí pupa rẹ̀ á fi ṣú díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ata wọlé. Ata tó pọ̀ tó yìí lè gbà tó 40 ìṣẹ́jú lórí iná. Bí òróró bá ti léfòó, tí ata bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí yín lápá, ó ti jinná nìyẹn. Ẹ wá da omi ẹran, kọ́rì, táìmù àti iyọ̀ sí i, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò: kí iyọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ sí bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, torí ìrẹsì á fà á mu.

Ní ti jíjóná, ìkòkò kan ṣoṣo tó jìn lẹ lò, iná sì ń jó lálá lábẹ́ rẹ̀. Kí ooru tó gun òkè, ìdí ti lọ. Ẹ pín kílò 8 yẹn sí ìkòkò méjì tó fẹ̀, tí ìdí wọn nípọn, kí ìrẹsì tútù má kọjá ìdajì ìkòkò, torí á wú. Bó bá ti hó dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ fa igi kúrò, ẹ fi ẹyin iná nìkan sílẹ̀. Ẹ tẹ́ fọ́ìlì lé ìrẹsì lórí kẹ́ ẹ tó dé e, kẹ́ ẹ sì kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ọmọrí onírin náà. Báyìí ooru á máa tòkè wá, á máa tìsàlẹ̀ wá. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ìdí wá sókè. Ẹni tó bá ń yí i ṣáá ló ń fọ́ ọ, ìrẹsì á sì lẹ̀ mọ́ra bíi tùwó. Ẹ máa fetí sí i náà: bí kíkùn omi bá ti dáwọ́ dúró, tí ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í ta pá-pá-pá, ẹ tún dín iná kù.

Bó bá ti jóná ná, ẹ má fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Ẹ rọra bu tòkè sínú ìkòkò mìíràn, ẹ wọ́n omi gbígbóná ife kan sí i, ẹ fi fọ́ìlì dé e, kẹ́ ẹ gbé e lé ẹyin iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èéfín díẹ̀ kò ba nǹkan jẹ́. Torí òórùn èéfín yẹn gan-an làwọn kan ṣe ń wá sóde. Ìdí tó korò ni kò gbọdọ̀ kan ìyókù.

Ẹ má sì jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́kù sùn sórí ààrò. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń tú májèlé sínú ìrẹsì tí kò gbóná tí kò sì tutù, gbígbé e kaná lọ́jọ́ kejì kì í sì í pa májèlé ọ̀hún. Kí wákàtí méjì tó pé, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì. Bí kò bá síná, ẹ bù ú fún ará àdúgbò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti Abẹ́òkúta: Ewé ni màmá wa fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ọdún, èmi náà kò fẹ́ lo agolo. Àmọ́ tèmi máa ń jò, èyí tí kò bá sì jò á le bí òkúta. Ẹ̀wà kílò 2 ni mo fẹ́ lò.

Ẹ̀wà kílò 2 á fún yín ní nǹkan bí 45 mọ́ínmọ́ín tó mọ níwọ̀n. Ewé eéran méjì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí náà ẹ ra ewé 110, torí àwọn kan á ya.

Ẹ̀yìn ewé ni jíjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Igi tó là á láàárín le, bí ẹ bá ti ṣẹ́ ewé po, igi náà á dá a lu. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú fá a títí á fi tẹ́jú, kẹ́ ẹ wá fi ewé náà han iná tàbí kẹ́ ẹ tì í bọ omi gbígbóná kó rọ̀. Ẹ gbé ewé kan lé èkejì, kí ìdí ọ̀kan kọjú sí orí èkejì. Ẹ ká a bí ẹni ká páálí ẹ̀pà, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ìdí rẹ̀ ṣẹnu ṣóńṣó. Ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó yẹn sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbé e dání pẹ̀lú ibi tí ẹ ṣẹ́ náà. Ẹ má bù ú kún. Ẹ fi ìdámẹ́ta ewé sílẹ̀ lókè fún pípa ẹnu rẹ̀ dé, tí ẹ ó sì tún ṣẹ́ sẹ́yìn bíi ti ìdí. Bí ọwọ́ bá ti kúrò lára ibi tí ẹ ṣẹ́ kí ó tó dé inú ìkòkò, ó tán nìyẹn.

Ẹ má da igi ewé nù. Òun lẹ ó tò sí ìdí ìkòkò kó ga tó ìka mẹ́ta. Omi ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju igi náà lọ, ó sì gbọdọ̀ ti máa hó kẹ́ ẹ tó to mọ́ínmọ́ín sí i, kí ara rẹ̀ tètè dì. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ dà á gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Wákàtí kan ti tó. Ẹ tú ọ̀kan wò: bí ọ̀bẹ bá jáde ní mímọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó simi fún 15 ìṣẹ́jú. Èyí tí ẹ bá tú lójú gbígbóná á dà bí ẹni pé kò jinná, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Líle wá láti ara omi. Ẹ̀wà tí ẹ ti bó ni kẹ́ ẹ tún rẹ sómi fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Fún kílò kan, ẹ lọ tàtàṣé mẹ́rin, rodo mẹ́rin àti àlùbọ́sà ńlá méjì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ da òróró ife kan àti omi ẹran tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ife méjì sí mẹ́ta sí i. Bí ẹ bá fi ìgbákọ bù ú sókè, kó máa ṣàn láìdánu dúró, bí ògì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pò tí kò tíì rí iná. Kẹ́ ẹ sì máa rò ó kẹ́ ẹ tó bu ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀wà máa ń rọ̀ sídìí abọ́: èyí tí ẹ kọ́kọ́ bù á ṣomi, èyí tí ẹ bù kẹ́yìn á le. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń ṣe tiyín gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́mìí méje wà lọ́wọ́ yín. Ẹyin àti ẹja ti tó fún ẹni tó fẹ́ bọ́ 45 ẹnu.

Láti Adó-Èkìtì: Àwọn àna mi ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ kejì ọdún. Ṣé obì ló yẹ kí n gbé síwájú wọn ni tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò?

Méjèèjì, ṣùgbọ́n obì pẹ̀lú omi tútù ni kó ṣáájú. Obì àbàtà ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ní awẹ́ mẹ́rin. Gbànja aláwẹ́ méjì dára fún jíjẹ, àmọ́ ti àbàtà làwọn àgbà ń fẹ́ fi wúre. Ẹ ka obì kan fún ènìyàn mẹ́rin. Kẹ́ ẹ wo ara rẹ̀ lójú ọjà: ihò kékeré bí orí abẹ́rẹ́ túmọ̀ sí pé kòkòrò ti wọlé. Inú ewé tútù ni kó sùn, kì í ṣe inú ọ̀rá, torí inú ọ̀rá á làágùn, á sì bu. Ọwọ́ la fi ń pa á, a kì í fi ọ̀bẹ gé e. Àgbà ilé ló ń gbé e sókè wúre, pé obì á bi ibi dànù. Ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ ló ń pín in kiri, láti orí àgbà wá sísàlẹ̀. Bí nínú wọn bá wà tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kó fẹ́ ìwúre orí obì, ẹ gbé e kalẹ̀ bí ìpanu lásán, kí àdúrà tẹ̀lé e lọ́nà tiwọn.

Láti Lọ́ńdọ̀nù: Inú fúláàtì la ń gbé. Mo fẹ́ fi àmàlà àti àbùlà ṣe ènìyàn 25 lálejò nígbà Kérésìmesì dípò tòlótòló. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe dáadáa, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́. Ní 25 Oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì ìlú kì í ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò ní mọ́tò kò ní lè dé, ẹni tó bá sì dé kò ní lè padà. Ẹ fi sí 27. Èkejì, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni tó ń ti ilé bọ̀ pé kó bá yín gbé ẹran dání. Òfin Bírítéènì kò gbà kí arìnrìn-àjò kó ẹran tàbí wàrà wọlé láti Nàìjíríà, kìlíṣí náà sì ni ẹran. Ẹ ra ṣàkì, abọ́dì àti pọ̀nmọ́ ní ọjà bíi ti Peckham.

Ọbẹ̀ ata àti ẹran lè jinná ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kó wà nínú fírísà. Gbẹ̀gìrì, ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ̀wà kílò kan tí ẹ bó èèpo rẹ̀ á tó 25 ènìyàn. Ẹ sè é títí á fi yọ́, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ da epo pupa, ata, irú àti iyọ̀ sí i. Nínú fíríìjì á dì bíi mọ́ínmọ́ín. Kí ẹ̀rù má bà yín: omi gbígbóná díẹ̀ àti iná tó rọra ń jó á dá a padà. Ewédú ni kò gbọdọ̀ pẹ́. Ewédú inú fírísà tí ẹ rà, àárọ̀ ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ sè é, láìdé ìkòkò, pẹ̀lú kán-ún tó mọ bí èékánná, kẹ́ ẹ fi ìjábẹ̀ já a fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lórí iná, fífà rẹ̀ á lọ, á wá dà bí omi ẹ̀fọ́.

Èlùbọ́ kílò 2 ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣírò. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì kílò lẹ́ẹ̀kan ni apá ènìyàn ká nínú ìkòkò ilé. Ife èlùbọ́ kan, ife omi méjì. Bí omi bá ti hó, ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ bu ife kan pa mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ da èlùbọ́ tí ẹ ti kù sí i, kẹ́ ẹ fi omorogùn rò ó kíákíá. Kókó máa ń wá nígbà tí èlùbọ́ bá bọ́ sínú omi tó ṣì ń hó lórí iná: ẹ̀yìn ìṣù kékeré á jinná lójú ẹsẹ̀, á bo ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́nú. Bó bá ti dán, ẹ wọ́n omi tí ẹ pa mọ́ lé e díẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí iná kékeré, ẹ tún un rò.

Kúlà tútù ló ń pa àmàlà. Ẹ da omi híhó sí i, ẹ pa á dé fún 15 ìṣẹ́jú, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tó kó àmàlà sí i. Á gbóná fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí oúnjẹ gbígbóná kan láílọ́ọ̀nù lè lo abọ́ kéékèèké olómọrí. Ẹ sì ṣí fèrèsé kẹ́ ẹ tó dín ata, torí agogo iná inú fúláàtì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ata díndín àti ilé tó ń jó. Ẹni tó bá ní odó lọ́kàn, kó rántí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀.

Láti Òṣogbo: Mùsùlùmí ni wá, Kristẹni sì ni ọ̀pọ̀ àwọn àna wa. Àgbò kan la máa pa ní Iléyá. Báwo la ó ṣe pín in tí á fi tó 30 àlejò, tí àwọn aláìní náà á fi rí tiwọn gbà?

Àgbò tó wúwo tó kílò 40 lóòyẹ̀ kò ní fún yín ju kílò 18 sí 20 lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ awọ, inú, orí àti ẹsẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò: ìwo ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá pín in sí mẹ́ta bí àṣà ti rí, fún ilé, fún ẹbí àti aládùúgbò, fún aláìní, kílò mẹ́fà ní í kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò mẹ́fà lórí 30 ènìyàn jẹ́ 200 gíráàmù tòun teegun, ó sì tó fún ọbẹ̀, bí ẹ kò bá ti ní sọ pé ẹ tún fẹ́ sun ún. Àwọn àna yín wà nínú ìpín ẹbí àti aládùúgbò. Kò sí ohun tó ní kí ẹran Iléyá má dé ilé Kristẹni.

Ẹ ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Kí àgbò pé ọdún kan, kó má fọ́jú, kó má tiro, kó má ṣàìsàn, kó má rù. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, omi nìkan ni kó mu, kí ìfun rẹ̀ má kún tí ọ̀bẹ á fi bẹ́ ẹ sára ẹran. Ẹ dúró kí ìrun Yídì parí; èyí tí ẹ bá pa ṣáájú rẹ̀, ẹran jíjẹ lásán ni. Owó ni kẹ́ ẹ san fún alápatà, ẹ má fi awọ tàbí orí san owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wí irun rẹ̀, igi ni kẹ́ ẹ fi dáná. Táyà ń fi òróró onímájèlé sí ara ẹran, kò sì sí fífọ̀ tó lè bọ́ ọ tán. Ọwọ́ tó di irun mú kò gbọdọ̀ kan ẹran tó ti wà ní ìhòòhò. Òórùn àgbò tí àwọn kan ń sá fún, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ìpín àwọn aláìní àti ti aládùúgbò, kó kúrò nílé ní tútù kó tó di ìrun Àílà. Ẹran tó bá sùn sínú ọ̀rá títí di ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe sàráà mọ́, ẹrù ni. Ti ilé tí kò níná, ẹ fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kẹ́ ẹ dín in gbẹ, kẹ́ ẹ sì máa gbé e kaná ní àárọ̀ àti alẹ́. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde mọ èyí dunjú, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ọjúde Ọba, ìgbà yẹn gan-an sì ni àlejò tiwọn ń pọ̀.

Láti Èkó: Ilé Àgùdà ni mo fẹ́ ọkọ sí, ìyá ọkọ mi sì ti ní èmi ni n ó se fìréjọ̀n Ọjọ́ Ẹtì Rere tó ń bọ̀. Mi ò tíì sè é rí.

Wọ́n fọkàn tán yín nìyẹn. Àwọn Àgùdà, ọmọ Yorùbá tó ti Brazil padà wá sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ló mú oúnjẹ yìí bọ̀. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ èdè Potogí tó túmọ̀ sí ẹ̀wà. Ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, wọ́n ṣì ń se ẹ̀wà olómi àgbọn ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, wọ́n sì ń pè é ní feijão de leite.

Ẹ̀wà kílò kan àti àgbọn mẹ́rin á tó ènìyàn mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú. Ẹ sè é láìfi iyọ̀ sí i, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, títí ìka méjì á fi lè tẹ̀ ẹ́ rẹ́. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Èèpo tó bá kọjá lẹ ó rí bí iyanrìn lẹ́nu. Ẹ rin àgbọn, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ ya omi àkọ́fún tó ki sọ́tọ̀. Omi ìfún kejì lẹ ó fi po ẹ̀wà, pẹ̀lú kànáfùrù márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹ ó yọ jáde níkẹyìn. Iná kékeré, 30 ìṣẹ́jú, omorogùn kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́, torí ó máa ń jóná nídìí láìpariwo. Ìgbà tó bá ki bí ẹ̀kọ mímu lẹ ó da omi àkọ́fún sí i. Lẹ́yìn ìyẹn kò gbọdọ̀ hó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àgbọn á yọ epo, á léfòó sójú rẹ̀.

Ọbẹ̀ ẹja aláta àti gàrí la fi ń jẹ ẹ́; kò sí ẹran, torí ààwẹ̀ ni. Ẹ bi ìyá ọkọ yín nípa ṣúgà kẹ́ ẹ tó fi sí i. Ilé kan ń fi, ilé kejì kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, ìjà rẹ̀ sì lè pẹ́ títí di Àjíǹde.

Láti Houston: Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ tó mẹ́wàá, fóònù ni gbogbo wọn ń wò. Kí la lè fún wọn ṣe tó jẹ́ tiwa?

Ayò. Ẹ kò nílò ọpọ́n: páálí ẹyin 12 ní ihò mẹ́fà mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ọpọ́n ayò ṣe rí gan-an. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà lè gé ìlà ihò mẹ́fà méjì lára páálí ẹyin 30. Ẹ̀wà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ 48 lẹ ó fi ṣe ọmọ ayò, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan.

Òṣèré á kó gbogbo ọmọ inú ihò kan ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, á máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ọ̀tún, á sì yí i gba ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí ọmọ tó jù kẹ́yìn bá bọ́ sínú ihò ẹnìkejì tó sì sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ihò tó ṣáájú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà bá tún jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, á jẹ ìyẹn náà. Ihò tó ní ọmọ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá yípo dé ibi tó ti gbéra, á fo ibẹ̀. Bí ẹnìkejì kò bá ní nǹkan kan mọ́, a gbọ́dọ̀ ta ayò tó máa fún un lọ́mọ. Ẹni tó bá jẹ ju 24 lọ ti borí. Ọ̀ta ni, ẹnìkejì rẹ̀ lòpè. Ẹ jẹ́ káwọn tó ń wòran máa dá sí i, kí wọ́n máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ariwo yẹn wà lára eré.

Bílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ bọ́ sórí àlọ́ àpamọ̀, kí àgbà kan máa pa á. Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò: ẹ̀wà ni. Ẹ fi ẹ̀wà gidi sí àtẹ́lẹwọ́ wọn kí wọ́n rí tìróò náà lójú rẹ̀. Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́: ahọ́n ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ní àǹfààní láti yan ẹni tí á bá ta ayò tó kàn.

Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà láàárín wọn, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó ọmọ ayò, ì báà jẹ́ ẹ̀wà tàbí òkúta, torí méjèèjì lè há a lọ́fun. Kẹ́ ẹ sì kà á kí wọ́n tó dìde: 48 ni.